Nígbà Tí Ọ̀nà Dí: Ìtàn Àwọn Oníṣẹ́ Ìhìnrere ní Kúdẹtì

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ tí ọkàn wọn ń fà sí iṣẹ́ Ọlọ́run ni ó máa ń fi ojú inú wo ọjọ́ ìwàásù ńlá: ọjọ́ tí èrò yóò pé jọ bí omi, tí orin yóò gba gbogbo àyíká kan, tí ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀tá Ìhìnrere rí yóò sì kúnlẹ̀ ní gbangba. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàìsí. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀sìn Krístì wọ ilẹ̀ Yorùbá wò, a ó rí i pé ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan láàárín ọ̀pọ̀ ọjọ́ ibà, ọjọ́ ebi, ọjọ́ tí a ń retí lẹ́tà tí kò dé, àti ọjọ́ tí oníṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lè sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ń so èso tàbí kò so. Ibi tí èyí ti hàn kedere ni Ìbàdàn, ní àdúgbò tí à ń pè ní Kúdẹtì, láàárín ọdún 1853 sí ọdún 1869.

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun láti oríṣiríṣi ilẹ̀, Ìfẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti àwọn mìíràn, dó síbẹ̀ lẹ́yìn tí ogun ti tú ọ̀pọ̀ ìlú ká. Kì í ṣe ìlú aládé. Ọmọkùnrin tí ó bá lágbára, tí ó mọ ogun í jà, tí ó sì lè kó ènìyàn jọ sẹ́yìn ara rẹ̀, òun ni ó ń gòkè lórí oyè. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ogun ni ọ̀pọ̀ ilé ń múra fún. Bí ogun bá sì ti wálé, a ó máa ka ẹrú, a ó máa pín ìkógun. Inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí yóò máa wàásù àlàáfíà fẹ́ wọ̀.

Ní ọdún 1851 ni David Hinderer kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ọmọ Württemberg ní ilẹ̀ Jámánì ni, ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ C.M.S. ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán an níṣẹ́. Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, sọ bí àwọn ìjòyè ṣe jókòó gbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àlejò náà. Àwọn kan kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn òyìnbó kì í wọ ìlú kí ìlú náà má dàrú. Àwọn mìíràn ní òyìnbó ti wà ní Èkó, wọ́n ti wà ní Àgbádárìgì àti ní Abẹ́òkúta, kí ni yóò dé tí Ìbàdàn yóò fi wà lẹ́yìn? Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò níyanjú, wọ́n dá Ifá sí i, Ifá sì fọ ire. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ẹnu Ifá ni àṣẹ ti wá pé kí oníwàásù Krístì máa gbé inú ìlú Ìbàdàn. Òun tìkára rẹ̀ kò bá àwọn Ìbàdàn jà lórí ọ̀nà tí àlejò rẹ̀ fi di gbígbà. Ó dúpẹ́, ó sì padà lọ múra.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1852 ni ó gbé Anna Martin níyàwó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Anna. Norfolk ni wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ sì ti kú nígbà tí ó wà ní kékeré, tí ó fi jẹ́ pé ilé àlùfáà kan ní Lowestoft ni ó ti rí ìtọ́jú gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Kò tíì pé ogún ọdún tí ó ti ń kó àwọn ọmọ tálákà jọ, àwọn tí aṣọ wọn ti fà ya, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rí ní ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, tí ó ń kọ́ wọn. Ó yẹ kí a kíyèsí èyí. Iṣẹ́ tí ó wá ṣe ní Ìbàdàn kò yàtọ̀ sí èyí tí ó ti ń ṣe ní ìlú rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn àti omi òkun nìkan ni a fi kún un. Ẹni tí kò lè kọ́ ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ní ilé, tí ó rò pé òkèèrè ni òun yóò ti di oníṣẹ́ Ọlọ́run, kò tíì mọ ohun tí ó ń sọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n wọ ọkọ̀, oṣù Kìíní ọdún 1853 ni wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Èkó. Ibà ni ó kọ́kọ́ kí wọn káàbọ̀. Nígbà náà kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Afẹ́fẹ́ ẹrẹ̀ ni wọ́n dá lẹ́bi, oògùn kwìnínì kíkorò ni wọ́n sì ń lò. Wọ́n dúró ní Abẹ́òkúta fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹ̀gbá kan tí ń jẹ́ Daniel Olúbí lọ́wọ́. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ni wọ́n mú un wá ṣe: kí ó máa tọ́jú ilé, kí ó máa bá wọn dúró nídìí ẹrù. Bí ẹnìkan bá wo àwọn tí wọ́n jọ ń wọ ìlú náà ní ọjọ́ tí wọ́n dé Ìbàdàn, kò dájú pé ojú rẹ̀ yóò dúró lórí Olúbí, nítorí òyìnbó obìnrin ni gbogbo ìlú tú jáde láti wò. Ẹnubodè kún, orí ògiri kún, àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀lé wọn tí wọ́n ń ké. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọ̀dọ̀ yìí ni yóò gbé ẹrù náà jìnnà jù.

Kúdẹtì ni wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ sí. Ilé alámọ̀, tí a fi koríko bò, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Hinderer a máa jáde lọ sí abẹ́ igi àti ẹ̀bá ọjà láti wàásù. Àwọn ènìyàn a máa gbọ́ ọ, nítorí pé ará Ìbàdàn kì í lé àlejò tí ń sọ̀rọ̀ tútù. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó le jù láti dá sílẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn òbí kórìíra Anna. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé ìwé yóò sọ ọmọ di ojo. Ìlú tí ọmọkùnrin ti ń fi idà jẹun, kí ni yóò fi ọmọ tí ń jókòó ti ìwé láti òwúrọ̀ di ọ̀sán ṣe? Bí a bá rò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ àwọn òbí wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n mọ irú ayé tí wọ́n ń gbé, wọ́n sì mọ ohun tí ń dáàbò bo ọmọ nínú rẹ̀.

Olóyè kan tí ń jẹ́ Olúnlóyọ̀ ni ó gbójú dá ohun tí àwọn mìíràn kò dá. Ó fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé tí ó jẹ́ ọkùnrin àti Yéjídé tí ó jẹ́ obìnrin, fún Anna láti máa bá gbé kí ó sì máa kọ́ wọn. Orúkọ Yéjídé kò tíì parẹ́ ní Ìbàdàn, nítorí orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin tí ó wà ní Kúdẹtì. Ọmọ bíi mélòó kan ni ó kọ́kọ́ tẹ̀lé wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ náà ń pe Anna ní Ìyá. Òun kò bí ọmọ kankan, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tí ó ń kọ sí ilé, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí ni ó máa ń gba ojú ìwé: ẹni tí ó ṣàìsàn, ẹni tí ó bú sẹ́kún nígbà tí ìyá rẹ̀ wá kí i, ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nípa àdúrà.

Ní ọdún 1854 ni wọ́n kọ́ ilé ìsìn sí Kúdẹtì, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo ìlú náà. Bí àwọn onígbàgbọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ni ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọn, kì í ṣe láti ọwọ́ àwọn ìjòyè bí kò ṣe láti inú ilé. Ọmọbìnrin tí ó bá kọ̀ láti bọ òrìṣà ilé rẹ̀ lè jẹ pàṣán lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, wọ́n sì lè dè é mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá fi ìdílé sílẹ̀ lọ sí Kúdẹtì lè pàdánù ìyàwó tí a ti fẹ́ sọ́nà fún un. Nínú gbogbo ohun tí a gbọ́ nípa ìjọ kékeré náà, àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ fún jù. Òyìnbó tí ó wá láti òkèèrè ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn tí ń bọ́ ọ. Ọmọ Ìbàdàn tí ó di onígbàgbọ́ kò ní ju ilé tí ó ti fi sílẹ̀ lọ.

Àìsàn lé àwọn Hinderer padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1856. Ní ọdún 1858 ni wọ́n tún dé, ìdílé kan láti Ṣàró, ti Henry Johnson, sì wá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wọn. Nínú àwọn ọmọ Johnson ni Samuel wà, ẹni tí a bí ní ọdún 1846. Bí a ó bá máa sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó kọ ìtàn Yorùbá, ó dára kí a rántí pé ọgbà Kúdẹtì ni ó ti ṣe ọmọdé, tí ó ń gbọ́ ìró ìlù ogun lójú ọ̀nà, tí ó sì ń rí àwọn ọmọ ogun bí wọ́n ti ń jáde lọ.

Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, Adélù tí ó jẹ́ Àrẹ̀mọ rẹ̀ ni ó gorí oyè. Láyé àtijọ́, Àrẹ̀mọ a máa bá bàbá rẹ̀ kú. Kurunmí, Ààrẹ Ìjàyè, ní òun kò ní tẹríba fún ọba tí ó jẹ lòdì sí àṣà. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Aláàfin. Ní ọdún 1860 ni ogun bẹ́. Balógun Ìbíkúnlé ni ó kó ogun Ìbàdàn jáde. Àwọn Ẹ̀gbá lọ ran Ìjàyè lọ́wọ́, àwọn Ìjẹ̀bú náà kò sì fẹ́ kí Ìbàdàn lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Ìjẹ̀bú dí. Ìjàyè fọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò ṣí, nítorí ìjà ti sún lọ sí Rẹ́mọ. Ọdún márùn-ún gbáko ni àwọn ará Kúdẹtì fi wà bí ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́.

Kí òǹkàwé lè mọ ohun tí ọ̀nà dídí túmọ̀ sí, ó yẹ kí ó mọ bí owó ti rí nígbà náà. Owó ẹyọ ni a ń ná. Ẹgbàá mẹ́wàá, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ, ni ó wà nínú ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ kan sì tó ẹrù fún alágbára ọkùnrin. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú aṣọ kí ó fi yọ́ kọjá lójú àwọn oníbodè. Owó iṣẹ́ wọn wà ní Èkó, ó pé, kò dín. Ṣùgbọ́n bí ẹni pé ó wà ní ìsàlẹ̀ òkun ni. Iyọ̀ tí ń ti etí òkun wá di ohun ọ̀wọ́n. Aṣọ kò wọlé. Lẹ́tà a máa dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹnìkan bá fi ẹ̀mí wéwu gbà á kọjá. Ìwé mìíràn a sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí a ń béèrè àlàáfíà rẹ̀ nínú rẹ̀ ti kú.

Oúnjẹ ni ó wá di ìṣòro. Wọn kì í ṣe méjì. Ọgbà kún fún ọmọ, àwọn olùkọ́ni ní ìyàwó àti ọmọ. Ẹ̀wà díẹ̀ tí a fi epo pupa àti ata sè ni ó di oúnjẹ òòjọ́, iṣu náà bí ó bá ṣeé rí. Anna kọ ọ́ sílẹ̀ pé ebi máa ń pa òun dé ibi tí òun fi ń sunkún lórí ibùsùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tí ó wà nínú ilé: aṣọ, ohun ọ̀ṣọ́, títí dé páánù tí a fi tẹ́ inú àwọn àpótí ẹrù wọn, nítorí àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn oníṣòwò lè rí ohun ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí kò sí ohun títà mọ́, àwọn ará ìlú kan tí wọn kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìsìn rí yá wọn ní owó ẹyọ, láìmọ ìgbà tí ọ̀nà yóò ṣí tí wọn yóò lè san án. Kò yẹ kí èyí bọ́ sẹ́yìn nígbà tí a bá ń sọ ìtàn náà. Ọwọ́ àwọn abọ̀rìṣà ni ó gbé ìjọ Kúdẹtì ró ní ọdún ìyàn.

Kí ni wọ́n ṣe ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Bí ènìyàn bá retí iṣẹ́ ìyanu, kò ní rí i. Agogo ilé-ẹ̀kọ́ ń lù. Ọjọ́ Ìsinmi ń dé, wọ́n sì ń sìn. Wọ́n ń sin òkú, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ. Hinderer jókòó ti ìwé, ó ń fi èdè Yorùbá túmọ̀ ìwé ìrìn-àjò onígbàgbọ́ tí John Bunyan kọ, èyí tí àwọn ìjọ Yorùbá kà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ẹ wo ọkùnrin kan tí kò lè rìn kọjá ẹnubodè Ìbàdàn, tí ń túmọ̀ ìtàn arìnrìn-àjò! Nígbà tí Ìjàyè fọ́, àwọn ọmọ ogun mú Edward Roper, oníṣẹ́ C.M.S. tí kò tíì pẹ́ tí ó dé ìlú náà, wọ́n sì kó o wá sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ìgbèkùn. Lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀, Kúdẹtì ni ó ń gbé. Ẹnu kan tún kún àwọn tí ń jẹ ẹ̀wà.

Ohun kan wà tí àwọn tí ń yin àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí kì í sábà sọ. Nígbà ogun yìí, àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run tí ó wà ní Abẹ́òkúta ń gbèjà Ẹ̀gbá nínú ìwé tí wọ́n ń kọ sí òkèèrè, Hinderer tí ó wà ní Ìbàdàn sì ń gbèjà Ìbàdàn. Olúkúlùkù ń fi ojú ìlú tí ó ń gbé wo ọ̀ràn náà, inú sì bí wọn sí ara wọn. Ó rọrùn láti bá wọn wí. Síbẹ̀ ó ṣòro kí ènìyàn bá àwọn ará ìlú kan jẹun, kí ó sin òkú wọn, kí ó mọ orúkọ ọmọ wọn, kí ó má sì rí ẹ̀tọ́ wọn ju ti ọ̀tá wọn lọ. Ìfẹ́ tí ó mú wọn dúró náà ni ó mú wọn ṣègbè. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ irú iṣẹ́ yìí yóò ní láti mọ̀ pé àwọn méjèèjì lè gbé inú ọkàn kan.

Wọn ìbá ti kúrò ní Ìbàdàn bí wọ́n bá fẹ́ fi gbogbo nǹkan wéwu. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kó àwọn ọmọ náà gba inú ogun kọjá? Bí wọ́n bá sì fi wọ́n sílẹ̀, ẹbí wọn yóò wá kó wọn, ìjọ yóò tú ká. Ìdí tí wọ́n fi dúró kò ju èyí lọ.

Ní ọdún 1865, John Glover tí ó ń ṣe àkóso Èkó, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, gbọ́ pé ara Anna kò le mọ́, pé bí a kò bá gbé e kúrò yóò kú. Ó rán ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Maxwell pẹ̀lú àwọn ọkùnrin díẹ̀ tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n la ọ̀nà tuntun nínú igbó, wọ́n sì yọ sí Kúdẹtì ní òru láìròtẹ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Anna ní láti lọ, kí àwọn tí ó ń ṣọ́ ọ̀nà tó gbọ́. Òru kan péré ni ó fi dágbére fún ọmọ tí ó ti tọ́ fún ọdún méjìlá. Wọ́n gbé e sínú aṣọ tí a so mọ́ ọ̀pá, wọ́n sì gbé e sáré gba inú igbó fún ọjọ́ mẹ́ta àti ààbọ̀ títí ó fi dé Èkó. Ọkọ rẹ̀ kò bá a lọ. Ó dúró láti ṣètò ìjọ náà kí ó tó tẹ̀lé e.

Wọ́n tún padà wá ní ọdún 1867. Ọdún náà gan-an ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde, tí wọ́n sì fọ́ ilé ìsìn wọn. Ọ̀nà tún dí. Nígbà tí àwọn Hinderer kúrò ní Ìbàdàn ní ọdún 1869, ilé ìsìn mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: Kúdẹtì, Arẹ̀mọ àti Ògùnpa. Anna kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹfà ọdún 1870. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ìtàn ìbànújẹ́ ni ì bá jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó gbà pé bí òyìnbó bá ti lọ, Kúdẹtì yóò di ahoro. Daniel Olúbí ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan. Ohun tí ó mọ̀, inú ilé Hinderer ni ó ti kọ́ ọ, láti ìgbà tí ó ti ń gbálẹ̀ tí ó sì ń se oúnjẹ, títí ó fi di olùkọ́ni nínú ìjọ. Ó ti jẹ nínú ẹ̀wà ọdún ogun. Ní ọdún 1871 ni wọ́n fi í jẹ díákónì, ní ọdún 1876 ó di àlùfáà. James Okuseinde, William Allen àti ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ń jẹ́ Samuel Johnson ni ó bá a ṣiṣẹ́. Fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ, ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ni ìjọ Ìbàdàn wà, kò sì sí òyìnbó kankan tí ń bá wọn gbé. Ìlú kò lé wọn. Àwọn ìjòyè tí kò gba ẹ̀sìn wọn a máa ránṣẹ́ pè wọ́n láti ka lẹ́tà tí ó ti Èkó wá, àti láti kọ èsì.

Ìdánwò tiwọn kì í ṣe ebi. Wọ́n wà ní ìlú tí a ń fi iye ẹrú mọ olówó, tí a sì ń fi ìwọ̀fà dúró fún gbèsè. Àwọn kan nínú ìjọ, àti nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ pẹ̀lú, kò yọwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Àwọn kan ra ẹrú láti rà á padà kúrò lọ́wọ́ ìyà, ó sì di ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Ní ìgbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1880, Ẹgbẹ́ C.M.S. ní òṣìṣẹ́ òun kankan kò gbọ́dọ̀ ní ẹrú mọ́. James Johnson, tí ń bójú tó wọn láti Abẹ́òkúta, ọkùnrin líle tí kì í fi ojú fo ohunkóhun, ti bá wọn fa ọ̀rọ̀ yìí àti ọ̀rọ̀ owó ìjọ gidigidi. Ọ̀dọ̀ James Johnson ni òtítọ́ wà lórí ọ̀ràn ẹrú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìtàn náà yóò rí i bí ó ti le tó láti gbé àárín àwọn ènìyàn kí a má ṣe gbé ìwà wọn wọ̀ bí aṣọ, àgàgà ìwà tí gbogbo ìlú kà sí iyì.

Ogun Kìrìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì-Parapọ̀. Samuel Johnson, ọmọ tí ó ti gbọ́ ìlù ogun Ìjàyè ní Kúdẹtì, ni ó gbé lẹ́tà Aláàfin lọ sí Èkó ní ọdún 1881 láti bẹ ìjọba kí ó bá wọn dá sí i. Ní ọdún 1886, òun àti Charles Phillips tí ó wà ní Oǹdó ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín ibùdó méjèèjì títí àwọn balógun fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Àwọn òbí àtijọ́ tí ó ní ìwé yóò sọ ọmọ di ojo, bí wọ́n bá wà láàyè, wọn ìbá rí ọmọ ilé-ìwé kan tí ń rìn láìní idà láàárín ogun méjì.

Olúbí kú ní ọdún 1912, ó ti lo nǹkan bí ọgọ́ta ọdún nínú iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọ̀dọ̀. Ẹgbẹ́ C.M.S. a máa ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé Olúbí, ti Okuseinde, ti Allen àti ti Johnson kò sọnù. Wọ́n wà ní ilé ìkàwé yunifásítì ní Birmingham, àwọn òpìtàn sì ń lọ kà wọ́n títí di òní. Ogun àti ìjòyè wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kékeré: aláìsàn tí wọ́n lọ bẹ̀ wò, obìnrin ọlọ́jà tí ó dá wọn dúró láti bi wọ́n ní ìbéèrè, babaláwo tí ó bá wọn jiyàn tí ó sì ní kí wọ́n tún padà wá.